Orúnkún Méjì, Pápá Kan

Ní Landover, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, pápá ìṣeré kan wà tí wọ́n ń pè ní FedExField nígbà náà. Orí pápá yẹn ni orúnkún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ti bàjẹ́. Robert Griffin III ni àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2013. Joe Burrow ni èkejì, ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2020. Àwọn méjèèjì ló ti gba àmì ẹ̀yẹ Heisman, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó dáńtọ́ jù lọ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì. Àwọn méjèèjì ṣì wà ní ọdún àkọ́kọ́ wọn nínú líìgì NFL. Ikọ̀ tó ti wó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ara rẹ̀ kọ́, ló sì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọlé bí ẹni ra òpó ilé.

Ọ̀kan nínú ikọ̀ méjèèjì tún padà wó. Èkejì dé ìparí ìdíje kí oṣù 15 tó pé. Kí ló fa ìyàtọ̀? Àwọn kan á ní orí ló yàtọ̀ sí orí. Òótọ́ ni, orí wà níbẹ̀. Àmọ́ tí a bá tú ìtàn náà wò, a ó rí i pé ohun tí àwọn àgbà ilé ṣe kí ọmọ tó ṣubú, àti ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tó ṣubú tán, ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bí wọ́n ṣe ń tún ikọ̀ kọ́

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé Premier League lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Ikọ̀ 32 ló wà nínú NFL, kò sì sí èyí tó ń já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀. Kódà kẹ́ ẹ pàdánù gbogbo eré yín, ẹ ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣe ni wọ́n tiẹ̀ máa ń ran aláìlágbára lọ́wọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní draft, níbi tí ikọ̀ tó ṣe ìkẹyìn ti máa kọ́kọ́ mú ẹni tó wù ú nínú àwọn ọmọ tó ń jáde bọ̀ láti yunifásítì. Ìpele méje ni wọ́n fi ń mú wọn. Ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ yìí, ọjà ni. Ikọ̀ lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, títí kan èyí tó jẹ́ ti ọdún tí kò tíì dé.

Ipò quarterback ni ojú gbogbo ayé máa ń wà. Ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí, òun ló sì máa pinnu bóyá kóun jù ú síwájú, kóun gbé e fún ẹlòmíì, tàbí kóun fúnra òun gbé e sá. Géńdé márùn-ún ló máa ń dúró níwájú rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Tí wọ́n bá jẹ́ kí alátakò kọjá, òun ni wọ́n á dà lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2010, Sam Bradford tí wọ́n kọ́kọ́ mú gba àdéhùn ọdún mẹ́fà tó tó mílíọ̀nù 78 dọ́là. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ni ikọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe àdéhùn tuntun tó gé owó àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kúrú. Nígbà tó fi máa di ọdún 2012, nǹkan bíi mílíọ̀nù 21 fún ọdún mẹ́rin ni Griffin gbà. Òdiwọ̀n sì wà fún iye tí ikọ̀ kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù lọ́dún. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá rí quarterback tó mọ iṣẹ́, tí owó rẹ̀ kò tíì wọ́n, ẹ ti rí owó tẹ́ ẹ máa fi ra àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin péré ni. Gbogbo oṣù tí ọmọ náà bá fi ń tọ́jú ara, àǹfààní ń jò lọ. Ìdí nìyẹn tí ìfarapa ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ fi máa ń dun irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ti àgbà ọ̀jẹ̀ lọ. Ìdí kan náà ló ń jẹ́ kí wọ́n máa kánjú.

Washington: ẹni tó fi ọjọ́ ọ̀la ra òní

Ní ọdún 2011, ikọ̀ Washington borí nínú eré 5, wọ́n pàdánù 11. Ipò kẹfà ló kàn wọ́n nínú draft ọdún 2012. Kí wọ́n lè bọ́ sí ipò kejì, kí wọ́n lè rí Griffin mú, wọ́n kó ẹ̀tọ́ ìpele kìíní ti ọdún 2012, ti 2013 àti ti 2014, pẹ̀lú ti ìpele kejì ọdún 2012, fún ikọ̀ Rams. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ra ọmọ kan ṣoṣo. Lákòókò yẹn kan náà, líìgì fìyà jẹ wọ́n lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà ná owó ní ọdún 2010. Mílíọ̀nù 36 dọ́là ni wọ́n yọ kúrò nínú iye tí wọ́n lè ná láàárín 2012 àti 2013. Òpó wà, àmọ́ owó tí wọ́n máa fi ra igi yòókù ti dín kù.

Griffin kò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kábàámọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Mike Shanahan àti Kyle ọmọ rẹ̀ yí ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù wọn padà nítorí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó gbé bọ́ọ̀lù sá ní ìgbà 120 ní sáà yẹn, yáàdì 815 ló sì jẹ́. Kò sí quarterback ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Ikọ̀ tó ti pàdánù 6 nínú eré 9 àkọ́kọ́ wá borí nínú 7 tó kù, láìpàdánù ọ̀kan. Láti ọdún 1999, wọn ò tíì ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí wọn, ọdún yẹn ni wọ́n tún ṣe é.

Àmọ́ ara ti ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá, Haloti Ngata, géńdé ikọ̀ Baltimore, kọlù ú ní orúnkún ọ̀tún. Orúnkún yẹn gan-an ni iṣan rẹ̀ ti já nígbà tó wà ní yunifásítì Baylor ní ọdún 2009. Eré kan péré ló fi sinmi. Kirk Cousins, ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ mìíì tí wọ́n mú ní ìpele kẹrin lọ́dún yẹn kan náà, ló gbá eré ọ̀hún, wọ́n sì borí. Griffin padà dé tòun ti irin ìdáàbòbò lórí orúnkún.

Lẹ́yìn náà ni eré Seattle ti ọjọ́ 6 oṣù kìíní dé. Washington kọ́kọ́ ṣáájú pẹ̀lú àmì ayò 14 sí òdo. Láàárín ìdámẹ́rin àkọ́kọ́ eré náà ni Griffin ju bọ́ọ̀lù kan tí orúnkún rẹ̀ fi yí. Láti ìgbà yẹn ló ti ń tiro. Àwọn tó wà ní pápá rí i, àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n náà rí i. Wọn ò yọ ọ́. Nígbà tó di ìdámẹ́rin ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé bọ̀ wá fún un kò dé ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó fẹ́ tẹ̀ síwájú gbá a mú, orúnkún náà yẹ̀, ó ṣubú. Seattle ló borí, 24 sí 14. Iṣan méjì ló já ní orúnkún yẹn. Ní eré kan náà, iṣan orúnkún Chris Clemons ti Seattle náà já.

Shanahan sọ lẹ́yìn eré pé Griffin fúnra rẹ̀ ló ní òun lè ṣe é, òun sì gbà á gbọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wà níbẹ̀, àwọn dókítà wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ikọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 22 ni wọ́n sì ń bi bóyá kó dúró tàbí kó jáde. Ọmọ ọdún 22 wo, tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta rà, tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀, ló máa sọ pé òun ò lè ṣe é mọ́? Ìdáhùn ti wà nínú iye tí wọ́n san.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gùn láti sọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó sì padà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tuntun, ṣùgbọ́n eré sísá rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Eré 3 ni wọ́n borí ní ọdún 2013, wọ́n pàdánù 13. Shanahan fi í sórí àga nínú eré mẹ́ta ìkẹyìn, wọ́n sì lé Shanahan náà lọ bí sáà ṣe parí. Ẹ rántí pé líìgì yìí máa ń ran aláìlágbára lọ́wọ́. Ikọ̀ tó ṣe 3 sí 13 yẹ kó rí ọmọ gidi mú, ipò kejì ló sì bọ́ sí. Àmọ́ wọ́n ti tà á. Rams ló ni ín. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, Rams wá sí FedExField, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ tí wọ́n rí nídìí pàṣípààrọ̀ yẹn jáde lọ bí olórí ikọ̀ wọn. Wọ́n na Washington ní 24 sí òdo.

Ní ọdún 2015, Washington tún gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí wọn. Cousins ni quarterback wọn, ọmọ ìpele kẹrin tí kò ná wọn ní ohun púpọ̀. Griffin kò kópa nínú eré kankan ní sáà yẹn. Oṣù kẹta ọdún 2016 ni wọ́n já a sílẹ̀.

Cincinnati: ẹni tó ṣì ní nǹkan lọ́wọ́

Ikọ̀ Cincinnati Bengals borí nínú eré 2 péré ní ọdún 2019, wọ́n pàdánù 14. Nítorí náà, wọn ò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mú Burrow sí ipò kìíní ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Athens, ní ìpínlẹ̀ Ohio kan náà, ni ọmọ náà ti dàgbà.

Ẹ má rò pé àwọn àgbà tibí gbọ́n ju tọ̀hún lọ. Nínú eré kejì rẹ̀ péré, ìgbà 61 ni wọ́n ní kó ju bọ́ọ̀lù. Nínú ìkẹta, ikọ̀ Philadelphia dà á lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Àwọn géńdé iwájú rẹ̀ kò dúró rárá. Wọ́n ti dà á lulẹ̀ ní ìgbà 32 nínú eré 10 nígbà tó fi máa di ọjọ́ Washington yẹn. Ní ìdámẹ́rin kẹta, bó ṣe ju bọ́ọ̀lù tán, ẹnì kan kọlù ú lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀. Orúnkún òsì lọ. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi gbé e jáde.

Quarterback Washington lọ́jọ́ yẹn ni Alex Smith, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ lórí pápá yẹn kan náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, tó sì gba iṣẹ́ abẹ 17 kó tó tún gbá bọ́ọ̀lù. Ó wá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ.

Bengals parí sáà yẹn pẹ̀lú ìborí 4, ìpàdánù 11 àti ọ̀mì 1. Ọdún méjì tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Zac Taylor ti lò, eré 6 ló borí, ó pàdánù 25. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ikọ̀ ní kó máa lọ. Wọn ò lé e. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ẹni tó ń kọ́ àwọn géńdé iwájú, wọ́n sì ra Riley Reiff kún wọn. Ìfarapa yẹn tún mú ohun kan wá tí Washington kò ní. Torí pé wọ́n pàdánù púpọ̀, ipò karùn-ún nínú draft ọdún 2021 bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọn ò sì tíì tà á fún ẹnikẹ́ni.

Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ṣé kí wọ́n mú Penei Sewell, géńdé tó máa dáàbò bo Burrow ni, àbí Ja'Marr Chase, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì LSU, tó máa bá a gba bọ́ọ̀lù? Wọ́n mú Chase. Chase ṣe yáàdì 1,455 lọ́dún yẹn, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó dáńtọ́ jù lọ níhà ìkọlù. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Bengals borí eré ìpele ìkẹyìn ìdíje fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún 31. Wọ́n na Raiders, wọ́n na Titans, wọ́n na Chiefs. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì, Rams ló dá wọn dúró nínú Super Bowl, 23 sí 20. Àmì ẹ̀yẹ ẹni tó padà bọ̀ sípò jù lọ, tí Alex Smith gbà ní sáà 2020, Burrow ló gbà á ní sáà 2021.

Síbẹ̀, òrùlé ṣì ń jò. Ìgbà 51 ni wọ́n da Burrow lulẹ̀ ní sáà yẹn, 9 sí i lọ́wọ́ Titans, 7 sí i nínú Super Bowl. Ìgbà tí wọ́n pàdánù yẹn tán ni wọ́n tó lọ ra géńdé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tún bàjẹ́, sáà yẹn náà sì parí fún un.

Kí la rí kọ́?

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Griffin àti Burrow ṣe ti ọmọdé: àwọn méjèèjì wo iwájú, àwọn méjèèjì fẹ́ padà kíá. Wíwo ẹ̀yìn kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ ọ̀gá ikọ̀ ni, iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, iṣẹ́ dókítà ni. Cincinnati wo ẹ̀yìn díẹ̀, ó sì tó wọn láti dìde. Nígbà tí Washington máa fi bojú wẹ̀yìn, ọjọ́ ọ̀la tí wọn ì bá fi tún ilé ṣe ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Nítorí náà, nígbà míì tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ikọ̀ kan tó ń tún ara rẹ̀ kọ́ ti rí ọmọ kan tó máa gbà wọ́n là, ẹ má kàn wo eré sísá ọmọ náà. Ẹ wo àwọn géńdé tó dúró níwájú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ikọ̀ náà ṣì ní lọ́wọ́ bí ọmọ náà bá ṣubú lọ́la. Kẹ́ ẹ sì wo ẹni tó láyà láti sọ fún un, lọ́jọ́ tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀, pé: jókòó, ó tó fún òní.