Agbani-nímọ̀ràn Tó Ń Gbowó Lọ́wọ́ Ọlọ́jà

Ṣé ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ òbí ní ìtọ́jú ọmọ máa polówó bọ́gà àti mítípáì? Ìtàn wàrà inú agolo ti dáhùn.

Kí UAC tó dá Mr Bigg's sílẹ̀ lọ́dún 1986 ni àwọn oníwàrà ti ń wọ àwọn obìnrin láṣọ bíi nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń rán wọn sí abiyamọ. Ta ló fẹ́ já nọ́ọ̀sì nírọ́? Abiyamọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí owó rẹ̀ kò tó á wá bu omi púpọ̀ lé wàrà díẹ̀, kí agolo má bàa tètè tán. Bí omi ò bá mọ́, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru, á máa rù. Àwọn mìíràn ò yè é.

Dókítà Cicely Williams, tó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, pariwo rẹ̀ lọ́dún 1939. Ó di 1981 kí WHO tó gbé ìlànà kalẹ̀. Dikírì 41 ti Nàìjíríà dé lọ́dún 1990. Ẹ kíyè sí i: òfin náà ò lé wàrà kúrò ní Ìdúmọ̀tà. Ẹnu onímọ̀ ìlera ni kò jẹ́ kí ọlọ́jà yá.

Èmi ò ní kí oníbọ́gà má tajà o. Kó gbé pátákó rẹ̀ sí Marina, gbogbo wa mọ̀ pé ọjà ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó ti ìmọ̀ràn lórí ohun tí ọmọ yóò jẹ, aṣọ nọ́ọ̀sì ló tún wọ̀ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ká gbà á gbọ́ lórí ọmọ wa, kó wá owó rẹ̀ gba ibòmíràn.