Nelson Agholor: Ọmọ Èkó Tí Bọ́ọ̀lù Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ní Command níbí, tí o bá ní o fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé irú bọ́ọ̀lù wo. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni. Láti Ìpájà títí dé Ìkọ̀tún, aṣọ́lé nìkan ló lè fọwọ́ mú un. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn lọ́tọ̀: bọ́ọ̀lù wọn ṣe ṣóńṣó lórí, ó ṣe ṣóńṣó nídìí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jù ú. Ẹnì kan á dúró lẹ́yìn, á jù ú. Ẹlòmíì, tí wọ́n ń pè ní wide receiver, á ti sáré lọ síwájú, á yíjú padà, á sì mú un kó tó balẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn géńdé ń bọ̀ láti gbé e ṣánlẹ̀. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú orí ni iṣẹ́ náà ti le jù.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun, Èkó wa yìí ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1992. Nelson Agholor ni. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ó ka ilé ẹ̀kọ́ Berkeley Preparatory níbẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Yunifásítì Southern California. Lọ́dún 2014, bọ́ọ̀lù 104 ló mú fún wọn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 2015, òun ni ẹni ogún tí wọ́n kọ́kọ́ mú. Philadelphia Eagles ló mú un.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Bọ́ọ̀lù 23 péré ló mú lọ́dún àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ní Seattle, ó dúró síbi tí kò yẹ kó dúró sí, wọ́n sì tìtorí ẹ̀ fagi lé touchdown tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà wọlé. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, bọ́ọ̀lù tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn eré, ó sọ fún àwọn oníròyìn fúnra rẹ̀ pé ìrònú ti pọ̀ jù fún òun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kóòṣì ò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá.

Ẹ rò ó wò. Ládùúgbò wa, ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn síta? Wọ́n á ní ọkùnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ibi tó ti jẹ́wọ́ yẹn ni ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní sáà ọdún 2017, wọ́n gbé e sí àyè míì, ó sì mú bọ́ọ̀lù 62, ó gba touchdown mẹ́jọ wọlé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2018, ní Minneapolis, Eagles kojú New England Patriots nínú àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Super Bowl. Agholor mú bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n borí pẹ̀lú 41 sí 33. Láti ọdún 1933 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Super Bowl àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà nìyẹn.

Ṣé ẹ rò pé ìlú á torí ìyẹn gbàgbé? Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, bọ́ọ̀lù tún ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé kan jóná ní Philadelphia, wọ́n sì ń ju àwọn ọmọdé láti ojú fèrèsé sí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan tó bá wọn mú àwọn ọmọ náà sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn mú wọn, àwọn ò ṣe bíi ti Agholor. Gbogbo Amẹ́ríkà fi rẹ́rìn-ín. Agholor ò bú u padà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé akọni ni láwùjọ, ó sì pe òun àti ìdílé rẹ̀ wá wo eré tó kàn nílé.

Lọ́dún 2020, ó lọ sí Las Vegas Raiders, ó sì tún gba touchdown mẹ́jọ wọlé. Lẹ́yìn náà ló gbá fún Patriots, ẹgbẹ́ tó ràn lọ́wọ́ láti na lọ́jọ́sí, kó tó lọ sí Baltimore Ravens.

Ọwọ́ tó mú mẹ́sàn-án lálẹ́ àṣekágbá ni wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ nítorí èyí tó bọ́. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Command: aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù bá gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, orúkọ tí a bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà lè bá a dàgbà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Agholor wo ẹ̀yìn, ó rí ohun tó gbé e ṣubú, ó dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, ó sì padà sórí pápá.