Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Ìtàn Ọkọ̀ Wíwọ̀ ní Òṣogbo

Iye owó tí a yá àti èyí tí a san padà ni a sábà máa ń kà fún yín ní ọjọ́ bí èyí. Lọ́tẹ̀ yìí, a ní kí a sọ ìtàn ohun kan tí ó ń jẹ èrè wa, tí kò sì sí nínú ìwé ẹgbẹ́. Owó ọkọ̀ ni.

Ẹsẹ̀ ni àwọn ìyá ìyá wa fi ń ná ọjà. Ẹrù á wà lórí, ọmọ á wà lẹ́yìn, wọn á ti Ẹdẹ, Ìlobùú tàbí Ìkìrun rìn wá sí Ọjà Ọba níwájú ààfin Àtáọ́ja. Rélùwéè tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901 dé Òṣogbo ní 1907. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1912, ó ti kọjá Odò Ọya dé Kano. Obì àti kòkó ń gun ọkọ̀ ojú irin lọ, màlúù, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ń bọ̀ láti òkè Ọya. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìtòsí stéṣọ̀n. Àwọn obìnrin tí ojú wọn là gbé igbá wọn lọ síbẹ̀, wọn kò dúró kí oníbàárà wá bá wọn nílé.

Lẹ́yìn náà ni lọ́rì dé. Pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀, bẹ́ǹṣì ni èrò ń jókòó lé, ènìyàn àti ẹrù á wá kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ìjà àyè àti ìjà owó ọkọ̀ kì í tán nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní bọ́lẹ̀kájà: bọ́ sílẹ̀ ká jà! Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò ní apá òsì títì kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ní 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè. Àwọn ìyá wa máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ pé títì yí, owó náà sì tún yí.

Èyí tí ó ṣojú àwa fúnra wa ni ti 1986. Náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun di ohun àwòdunjú, tòkunbọ̀ gbòde. Nígbà náà ni alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò káàkiri. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, Okada Air, ni wọ́n fi ń pè é ní ọ̀kadà, nítorí ó yára. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1991, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Òṣogbo sì di olú ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ìlú fẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Takisí àti kòrópè wá gba títì. Lẹ́yìn 2001 tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò NAPEP kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà dé.

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Dúró ní Ọláìyá, o ó gbọ́ tí wọ́n ń pe Òkè-Fíà, Old Garage, Ọjà Ọba. Ná owó ẹrù kí o tó gbé e wọlé. Mú ṣéńjì dání, má jẹ̀ẹ́ kí dẹ́rẹ́bà so ẹ́ pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé lóṣù kẹjọ, tètè jáde, torí àlejò á kún títì.

Ṣùgbọ́n ìtàn yìí ní ibi tí ó ti ń dunni. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ dín owó ọkọ̀ kù, ó gun ọ̀kadà pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì láàárín òun àti ọlọ́kadà. Wọ́n ṣubú, egungun itan rẹ̀ kán. Oṣù mẹ́rin ni ìsọ̀ fi wà ní títì pa. Ẹ̀yáwó dúró sójú kan, àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n ń san án, ìfẹ́ àárín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́.

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, lítà epo tí kò tó igba náírà kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé ìpàdé. Àwa ìgbìmọ̀ bu owó ìtanràn lé wọn. Ìyá àgbà kan san tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wá bá wa ni a tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ìyá fi ń rìn láti Òkè-Baálẹ̀, kí owó ọkọ̀ lè di owó àjọ. A jẹ̀bi. A dá owó rẹ̀ padà, a sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà náà ni a ti gbé ìpàdé sí ọjọ́ ọjà, kí ìrìn kan lè ṣe iṣẹ́ méjì. Àwọn tí wọ́n ń gbé àdúgbò kan náà ń dá owó jọ gba kòrópè kan, ẹrù á wà lẹ́yìn, ènìyàn á jókòó dáadáa. Kò sí ẹni tí ó tún di agbọ̀n mú lórí ọ̀kadà mọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí lónìí ni kí a máa yọ díẹ̀ nínú èlé ọdọọdún sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tiwa. Àwọn ìyá tí wọ́n gbé igbá lọ sí stéṣọ̀n kò ní ju agbára wa lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àlọ wa, àbọ̀ wa, ayọ̀ ni yóò jẹ́. Àṣèyí ṣe àmọ́dún o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́