Yíya Àwòrán Ojú Ọ̀run

Yíya àwòrán ojú ọ̀run jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí ń fi awò awọ̀nàjíjìn kékeré àti kámẹ́rà ya òṣùpá, ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì, tìfẹ́tìfẹ́, láìgba owó. Nítorí pé ayé ń yí, bí kámẹ́rà bá lajú pẹ́, ìràwọ̀ á fà gbọọrọ, àfi bí ẹsẹ̀ tó gbé awò náà dúró bá ń yí tẹ̀lé ojú ọ̀run. Fún pílánẹ́ẹ̀tì, fídíò ni wọ́n máa ń yà. Kọ̀ǹpútà á ṣa àwọn àwòrán tí afẹ́fẹ́ kò mì jù, á tò wọ́n lé ara wọn. Iṣẹ́ sùúrù gidi ni, àmọ́ ó máa ń lérè nígbà mìíràn. Ní 19 oṣù Keje 2009, Anthony Wesley ní Ọsirélíà, tí kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀ olówó-oṣù, ló kọ́kọ́ rí àpá dúdú tí ohun kan tó já lu pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà dá sí i lára.