Bàtà àti páì: oúnjẹ méjì tí wọ́n ń so mọ́ Charlie Chaplin

1/ Ẹ gbọ́ ná. Sátidé tó kọjá, mo wọ ilé ìdáná lọ se oúnjẹ àtijọ́ kan tí wọ́n máa ń so mọ́ orúkọ Charlie Chaplin, aláwàdà inú fíìmù aláìfọhùn. Páì ẹran màlúù àti kíndìnrín ni. Mo rò pé oúnjẹ lásán ni, àfi ìgbà tí mo bá ìtàn ebi níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ó máa gùn díẹ̀.

2/ Ẹ ti rí i rí, kódà bí ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀. Irunmú bíńtín, fìlà roboto, ọ̀pá lọ́wọ́, ṣòkòtò tó fẹ̀ jù ú lọ, bàtà gbàgìdì. Aláìní tó ń ṣe bí ọ̀tọ̀kùlú. Àmọ́ kì í ṣe eré nìkan o. Ọkùnrin yẹn mọ àìní dénú.

3/ Ọdún 1889 ni wọ́n bí i. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló dàgbà sí. Akọrin orí ìtàgé ni bàbá àti ìyá ẹ̀. Bàbá fi wọ́n sílẹ̀, ó sì di ọ̀mùtí. Ohùn ìyá ẹ̀, Hannah, daṣẹ́ sílẹ̀, ló bá ń ránṣọ kí wọ́n lè rí jẹ.

4/ Nígbà tó di 1896, agbára ìyá ò gbé e mọ́. Ọmọ ọdún méje ni Charlie nígbà tí òun, ìyá ẹ̀ àti Sydney ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wọ ilé àwọn aláìní ní Lambeth. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín wọn níyà: ìyá sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ọmọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí iléèwé ọmọ aláìní ní Hanwell.

5/ Ẹ fi 1896 yẹn sọ́kàn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n rí wúrà ní Klondike, ní Kánádà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fi rọ́ wọ inú yìnyín lọ wá owó. Ní 1925, Chaplin fi ìtàn wọn ṣe fíìmù The Gold Rush. Ó ti di olówó ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Láti 1916 ni iléeṣẹ́ fíìmù kan ti gbà láti máa san $670,000 fún un lọ́dún.

6/ Nínú fíìmù yẹn, yìnyín há òun àti Big Jim mọ́ inú ahéré. Kò sí oúnjẹ. Chaplin bọ́ bàtà ẹ̀ kan, ó bọ̀ ọ́, ó gbé e sínú àwo bí ẹran ọdún. Ó ń fá ìṣó lá bí ẹni ń fá eegun ẹran. Ó ń fi fọ́ọ̀kì ká okùn bàtà jẹ bíi sùpàgẹ́tì. Jẹ́jẹ́, bí ọmọ ọba.

7/ Súìtì dúdú tí wọ́n ń pè ní licorice ni wọ́n fi ṣe bàtà yẹn. Àmọ́ ibi tí èrò ẹ̀ ti wá kò dùn rárá. Chaplin fúnra ẹ̀ sọ pé òun ka ìtàn àwọn arìnrìn-àjò tí yìnyín há mọ́ orí òkè ní California ní 1846. Ebi mú wọn débi pé wọ́n jẹ awọ, àwọn kan sì jẹ òkú ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

8/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe "háà, ó jẹ awọ!", ẹ sinmi jàre. Kí ni pọ̀nmọ́?

9/ Ó dáa, páì wá ńkọ́? Mi ò lè se bàtà, ló jẹ́ kí n mú un. Ìdajì kílò ẹran, kíndìnrín màlúù kan, àlùbọ́sà, fúláwà, àti ọ̀rá líle tó máa ń yí kíndìnrín ká. Nígbà tí mo béèrè ọ̀rá yẹn lọ́jà, alápatà wò mí: "Àǹtí, ṣé ajá lẹ fẹ́ rà á fún ni?"

10/ Mo rẹ kíndìnrín sínú omi iyọ̀ kí òórùn ẹ̀ lè lọ. Mo gé gbogbo ẹ̀ wẹ́wẹ́, mo sè é lórí iná jẹ́jẹ́ fún wákàtí méjì. Mo gé ọ̀rá náà kúnná, mo pò ó mọ́ fúláwà àti omi, mo fi bo ẹran lórí, ó di inú ófùn. Kò sí ata rárá! Ọwọ́ mi ń yún mi.

11/ Èyí àkọ́kọ́ le bíi bàtà Chaplin gan-an. Mo ti po fúláwà yẹn jù. Èkejì dáa: òkè ẹ̀ pọ́n, inú ẹ̀ rọ̀, omi ọbẹ̀ ẹ̀ ki.

12/ Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni ó yé mi. Kíndìnrín kì í wọ́n tó ẹran gidi. Ẹ fi kún un, ẹran díẹ̀ á yó èèyàn púpọ̀. Ọgbọ́n ìyá tí owó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Mo rántí ìyá mi tó máa ń gé ẹran kan sí mẹ́fà, tí á ní òun ò fẹ́ràn ẹran.

13/ Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí ebi ti pa rí kì í gbàgbé. Chaplin ò gbàgbé, ó sì sọ tiẹ̀ di ẹ̀rín fún gbogbo ayé.

14/ Ó parí. Ẹ sọ tiyín: oúnjẹ wo ni wọ́n máa ń sè nílé yín nígbà tí owó ò sí, tí ẹ ṣì ń wá jẹ báyìí?