Àgbájọ Ọwọ́: Ẹni Tó Ṣẹ̀dá Orin àti Ẹgbẹ́ Tó Ń Gba Owó Orin

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Apá méjì ni òwe yìí ní. Èkíní ń sọ nípa ẹni tó fẹ́ lu àyà pé òun ló ni nǹkan: ìka kan ṣoṣo kò lè dún láyà, àfi kí ìka márààrún para pọ̀. Èkejì ń sọ nípa ẹni tó ní ẹrù wúwo, tó nílò ẹni tí yóò bá a gbé e dé orí. Méjèèjì ló bá ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣẹ̀dá orin mu, nítorí ó ní láti lè fi hàn pé òun ló ni orin, ó sì ní láti rí owó rẹ̀ gbà níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń lò ó.

Èdè Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ ya ẹni tó ṣẹ̀dá orin sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fi ohùn gbé e jáde. "Ó kọ orin" lè túmọ̀ sí pé ó fi gègé kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹnu ló fi kọ ọ́. Bí ó sì ti jẹ́ pé ẹnì kan náà ló sábà máa ń ṣe méjèèjì, ọ̀pọ̀ olórin ni kò mọ̀ pé owó méjì ló wà. Ní Britain, ẹgbẹ́ PRS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914, ló ń gba owó fún ẹni tó ṣẹ̀dá orin. Ẹgbẹ́ PPL, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, ló ń gba ti akọrin àti ti ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ méjèèjì, tó wá forúkọ sílẹ̀ síbì kan ṣoṣo, ti fi apá kan owó rẹ̀ sílẹ̀ níta.

Ìlú Paris ni ọ̀rọ̀ irú ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin báyìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1847, Ernest Bourget, tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ orin, wà ní ilé ìgbafẹ́ Café des Ambassadeurs, níbi tí wọ́n ti ń fi orin tirẹ̀ dá àwọn oníbàárà lára yá. Nígbà tí wọ́n ní kó sanwó ohun tó mu, ó kọ̀. Ó ní bí wọn kò bá sanwó orin òun, òun náà kò ní sanwó ọtí wọn. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́, Bourget sì borí. Ṣùgbọ́n kò sí bí ẹnì kan ṣe lè máa wọ gbogbo ilé ọtí Paris lọ́kọ̀ọ̀kan láti lọ bèèrè owó. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kóra jọ, nígbà tó sì di 1851, ẹgbẹ́ wọn, SACEM, ti dúró. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ní New York, Victor Herbert, tó máa ń ṣẹ̀dá orin, wà lára àwọn tó dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ASCAP, sílẹ̀ ní 1914. Ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Shanley's ń lo orin rẹ̀, wọ́n sì jiyàn pé oúnjẹ làwọn ń tà, pé ẹnikẹ́ni kì í sanwó orin lọ́tọ̀. Ní 1917, Adájọ́ Oliver Wendell Holmes ti ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a pé orin wà lára ohun tí oníbàárà wá rà nígbà tó jókòó jẹun níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò ṣòroó yé. Ẹni tó ṣẹ̀dá orin á fa àṣẹ lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ á fún rédíò, tẹlifíṣàn, hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìjó ní ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tó kárí gbogbo orin tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, á gba owó lọ́wọ́ wọn, á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, á sì pín ìyókù bí àkọsílẹ̀ orin tí wọ́n lò bá ṣe fi hàn. Owó tó ti hòtẹ́ẹ̀lì kan wá lè má tó ra búrẹ́dì. Ìgbà tó bá ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi wá ló ń di owó.

Èrè tó tóbi jù nínú wíwọ ẹgbẹ́, tí wọn kì í sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó, ni ọ̀nà tí owó náà ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ní ASCAP àti BMI, tí òun náà jẹ́ ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà, ìdajì owó orin jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, ìdajì jẹ́ ti pọ́blíṣà, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá a mójú tó ẹ̀tọ́ orin náà. Ìdajì àkọ́kọ́ yẹn kì í gba ọwọ́ pọ́blíṣà kọjá. Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ló ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ohun kékeré kọ́ nìyẹn fún ẹni tó mọ bí àwọn olórin Jùjú àti Àpàlà ṣe ń jìyà lọ́wọ́ àwọn onírẹ́kọ́ọ̀dù, débi tí I.K. Dairo àti Haruna Ishola fi dá STAR Records sílẹ̀ ní 1969, kí àwọn olórin lè ní ilé-iṣẹ́ tiwọn.

Ẹgbẹ́ tún máa ń dé ibi tí ẹsẹ̀ olórin kò lè dé. CISAC, tó ti wà láti 1926, so àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè pọ̀. Bí rédíò ní Paris bá lo orin ọmọ ẹgbẹ́ PRS, SACEM ni yóò gba owó rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí London. Olórin Yorùbá tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ PRS, tó bá kọ orin ara rẹ̀ ní gbọ̀ngàn tó ní ìwé àṣẹ ní London, lè kọ orúkọ àwọn orin náà ránṣẹ́ sí PRS, kó gba owó lórí wọn, yàtọ̀ sí owó tí wọ́n fi pè é àti èyí tí àwọn èèyàn fi ná an lórí ìtàgé. Bó bá sì kú, òfin Nàìjíríà àti ti Britain fún àwọn àrólé rẹ̀ ní 70 ọdún sí i lórí àwọn orin náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ni gbé ẹrù kọ́ ló ń bá ni dì í. Dídara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ nìkan kò mú owó wá. Orin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i àti ìpín kálukú. Ibí yìí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù: ẹni tó ṣe bíìtì á ní ìdajì ni tòun, akọrin á ní rárá, owó á sì dúró síbi tó wà. Kí wọ́n kọ ìpín náà sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde ní sítúdíò ló sàn. Orin àwọn baba ńlá kò sì ṣeé sọ di ti ara ẹni; ohun tí olórin fi kún un nìkan ni tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ kò sì lè bá olórin gba owó ohun tó ti tà. Solomon Linda, olórin ọmọ Zulu, gba orin Mbube sí rẹ́kọ́ọ̀dù ní Johannesburg ní 1939, ó sì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ṣílè mẹ́wàá. Orin náà ló di The Lion Sleeps Tonight tó gba gbogbo ayé kan. Linda kú nínú òṣì ní 1962. Ọdún 2006 ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó rí àdéhùn tó nítumọ̀, lẹ́yìn tí àwọn agbẹjọ́rò gbára lé òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó dá ẹ̀tọ́ padà fún àwọn àrólé nígbà tó bá pé ọdún 25 tí ẹni tó ṣẹ̀dá iṣẹ́ ti kú.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìdíjú tirẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì tó ń gba owó orin, MCSN àti COSON, ló ń du iṣẹ́ náà. MCSN ti wà láti 1984. Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣẹ̀dá iṣẹ́, fún COSON láṣẹ ní 2010, ó fún MCSN ní 2017, ó sì dá àṣẹ COSON dúró ní 2018. Ẹjọ́ kò kúrò ní kóòtù láàrin wọn. Àwọn olórin ni awuyewuye yìí pa lára jù, nítorí ẹni tí kò fẹ́ sanwó tẹ́lẹ̀ ti rí àwáwí: ta ni kí òun san án fún? Òfin ẹ̀tọ́ yìí tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ṣì fi iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí àjọ yìí bá fọwọ́ sí. Ọ̀dọ̀ àjọ náà ni kí olórin ti kọ́kọ́ bèèrè ẹgbẹ́ tó ní àṣẹ lọ́wọ́, kó tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí orin rẹ̀ kò tíì kúrò lórí fóònù tirẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan bí kò bá tíì wọ ẹgbẹ́. Ẹni tí rédíò ti ń lo orin rẹ̀, tàbí tó ń kọ ọ́ níwájú èrò, èrè wà fún un níbẹ̀, kò sì yẹ kó fi falẹ̀. Owó tí ẹgbẹ́ bá gbà tí kò rí olówó rẹ̀ kì í dúró títí láé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n sábà máa ń pín in fún àwọn tí orúkọ wọn wà nílẹ̀.