Fọ́múlà tó bá àtẹ mu, àmọ́ tí kò mọ ohun tó ń pààyàn

Ẹni tó bá ti dúró rí ní itẹ́ òkú Nunhead, lórí òkè, á mọ̀ pé èèyàn lè máa wo St Paul's lọ́ọ̀ọ́kán. Gíga ilẹ̀ yẹn dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní London nígbà kan.

Láàárín 1848 sí 1849, àrùn onígbáméjì pa èèyàn tó ju 14,000 lọ ní ìlú yìí. William Farr, tó ń ṣàkójọ iye òkú fún ìjọba, pín London sí ìpele, ogún ogún ẹsẹ̀ bàtà, láti etí odò Thames lọ sókè. Iye tó kú nínú 10,000 èèyàn rèé:

Ìpele 1: 102
Ìpele 2: 65
Ìpele 3: 34
Ìpele 4: 27
Ìpele 5: 22
Ìpele 6: 17

Farr ní ká mú 102, ká fi nọ́ńbà ìpele pín in: 102, 51, 34, 26, 20, 17. Ẹ ò rí nǹkan! Yàtọ̀ sí ìpele kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu rẹ́gí. Ó wá ní afẹ́fẹ́ burúkú etí odò ló ń pa wọ́n, pé béèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń mọ́ sí i.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Nọ́ńbà ni Farr fi pa òwe yẹn.

Àrùn náà padà dé ní 1854. Ìbéèrè tí John Snow ń bi àwọn ará gúúsù odò láti ojúlé dé ojúlé ni pé: omi ta lẹ̀ ń mu? Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń pín omi níbẹ̀, nígbà míì ní òpópónà kan ṣoṣo. Southwark and Vauxhall ń fa omi ní Battersea, níbi tí ìgbẹ́ ìlú ń ṣàn gbà. Lambeth ti lọ ń fa tiẹ̀ ní Thames Ditton, lókè odò, láti 1852. Nínú 10,000 ilé, òkú 315 ni ti Southwark and Vauxhall. 37 péré ni ti Lambeth. Ilẹ̀ kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà o!

Kí ló wá dé tí fọ́múlà Farr fi bá a mu? Àwọn tó wà nísàlẹ̀ létí odò ló sábà ń mu omi tó dọ̀tí jù. Gíga àti omi jọ ń rìn pọ̀ ni, omi ló sì ń pààyàn.

Mi ò bú Farr o. Òun ló ń fún Snow ní àdírẹ́sì ilé àwọn tó kú. Nígbà tó fi máa di 1866, tí onígbáméjì tún jà ní ìlà-oòrùn London, òun fúnra rẹ̀ ti ń tọpa omi. Ó ṣeni láàánú pé Snow ti kú ní 1858.

Lónìí, kọ̀ǹpútà á fún yín ní fọ́múlà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ gbà á, àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ béèrè omi tí wọ́n ń mu.